Ebè Tí Mo Kọ sí Àgbàlá Òyìnbó

Bí òórùn ilẹ̀ tútù bá ti gba imú mi ní ìparí òjò, ọdún tí ìjọba Jámánì kó àwọn ọkùnrin Kambolé, ìlú wa, lọ la ọ̀nà ní Sokodé ni mo máa ń rántí. Ọkọ mi wà lára wọn. Mo ṣì kéré nígbà náà, ẹnu mi mú, mo sì gbà pé kò sóhun tí mi ò mọ̀. Àkókò ebè iṣu ti dé, ilẹ̀ ti ń gbẹ. Bí ó bá le tán, ọkọ́ kò ní wọ̀ ọ́ mọ́, a ò sì ní rí iṣu wà lọ́dún tó ń bọ̀. Ìyá kan tó ń ṣòwò obì ní Tchamba ti ránṣẹ́ pé kí n mú àkọ́bí mi obìnrin wá, kí ó máa bá òun ṣiṣẹ́, kí ó lè rí oúnjẹ jẹ. Àwọn ilé kan ti yọ̀ǹda ọmọ tiwọn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, mi ò sì fẹ́ ẹ.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, lemọ́mù ní kí gbogbo wa pa ohùn pọ̀, kí a lọ bá òyìnbó tó ń ṣàkóso Sokodé fúnra rẹ̀, kí ó jẹ́ kí àwọn ọkùnrin wá kọ ebè. Bàbá ọkọ mi ṣíwájú, àwa ìyá kó àwọn ọmọ tẹ̀lé e. A sùn ní Tchamba, a sì fi ẹ̀rín wọ Sokodé, nítorí ẹnu àwọn obìnrin Kambolé kì í dákẹ́ lójú ọ̀nà.

Hausa ni ògbufọ̀ òyìnbó, ìdí òwò ló ti gbọ́ èdè wa. Bàbá sọ fún un pé ebè la torí ẹ̀ wá. Ẹ̀bẹ̀ ló gbọ́. Ó bá sọ fún òyìnbó pé a wá ṣagbe, òyìnbó sì ní kí wọ́n bu iyọ̀ fún wa. Ojú ti bàbá.

Ó ní, "Ebè ni mo wí, ọ̀rẹ́ mi. A ò wá bẹ̀bẹ̀."

Ògbufọ̀ ní òun ti gbọ́, ẹ̀bẹ̀ náà ni.

Sùúrù mi tán. Mo fa ọkọ́ kan yọ nínú irinṣẹ́ àwọn tó ń la ọ̀nà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè sáàárín àgbàlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Obìnrin kì í kọ ebè lọ́dọ̀ wa, tèmi sì wọ́ bíi fìlà tí a fi ìkánjú dé. Àwọn ìyá rẹ́rìn-ín títí. Mo mú ọmọ mi dúró tì í, mo nawọ́ sí ebè, mo nawọ́ sí ẹnu ọmọ, mo tún nawọ́ síbi tí àwọn ọkùnrin ti ń fọ́ òkúta. Ìgbà yẹn ló tó yé ògbufọ̀. Òun náà bú sẹ́rìn-ín, ó sì tún ọ̀rọ̀ wa sọ dáadáa.

Òyìnbó pàṣẹ pé kí àwọn tó lọ́mọ kéékèèké máa lọ sílé ní àkókò ebè. Nígbà tí wọ́n dé, lemọ́mù ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan oko tirẹ̀ títí wọn yóò fi kọ ti àwọn opó àti ti àwọn ọmọ aláìníbaba. Ọkọ mi kùn díẹ̀, ó sì ní kí n wá kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń kọ ebè wíwọ́.

Mo ti darúgbó. Jámánì ti lọ, òyìnbó mìíràn ti gbapò wọn. Mi ò mọ̀ bóyá àánú ló ṣe ọkùnrin yẹn, tàbí ó kàn fẹ́ kí n kúrò ní àgbàlá òun. Ohun tí mo mọ̀ ni pé oníṣòwò obì dúró títí, kò rí ọmọ mi. Ọ̀dọ̀ mi ló dàgbà sí, ilé mi ni wọ́n sì ti mú un lọ sílé ọkọ.