Irun Tó Hù Nínú Bátìrì

Mo ń hun aṣọ òkè lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, n'Ísẹ́yìn, nígbà tí mo rí i pé ẹ̀yìn fóònù mi ti ṣí díẹ̀, tí bátìrì inú rẹ̀ wú bí ẹ̀wà tí a rẹ. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ni ọkọ mi kú lójú ọ̀nà, nígbà tó ń bọ̀ láti Kíṣí. Ohùn rẹ̀ kan ṣoṣo ló kù fún mi, ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá péré, tó gbà sílẹ̀ tó sì fi ránṣẹ́ sí mi láti Òtù. Inú fóònù yẹn ló wà. Kí ó má baà kú, bí oòrùn bá ti yọ títí yóò fi wọ̀, n kì í yọ fóònù náà kúrò lára sólà tó ń cháàjì rẹ̀. Mo ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ mi pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èmi fúnra mi kò gbọ́.

Ìyá ọkọ mi gbà á wò. "Ìyàwó, ohun tó bá wú, ṣebí títẹ̀ ni? Gbé e sábẹ́ òkúta òfì."

Òkúta yẹn la fi ń fa òwú gígùn kó le. Abẹ́ rẹ̀ náà la máa ń ki aṣọ tó bá ká kò sí kó lè tẹ́. Mo fi àkísà wé fóònù, mo gbé òkúta lé e, mo padà sídìí iṣẹ́. Mo tilẹ̀ ń yin ara mi.

Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ṣìì, bí ìgbà tí omi kán sínú epo gbígbóná. Èéfín yọ, iná tẹ̀lé e. Ó gba orí òwú wá bá mi bí ẹni tó mọ̀nà. Iyanrìn la dà lé e kó tó kú, mo sì gbé fóònù tó jóná náà lọ sọ́dọ̀ atúnfóònùṣe.

Ọkùnrin náà yí ohun tó kù wò lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin ìyá òfì yìí! Bátìrì lẹ fi òkúta lọ̀ bí ata?" Nígbà tó rí ojú mi, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní lítíọ́ọ̀mù tó wà nínú bátìrì, tí wọ́n ń wa òkúta rẹ̀ nínú igbó Òkè-Ògùn wa yìí náà, a máa hù bí irun bí a bá ń cháàjì rẹ̀ láṣejù. Awọ tín-ín-rín ló pín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì níyà. Bí irun kan bá gún awọ náà tó kan òdìkejì, iná dé.

"Ó lè ti máa hù tipẹ́, mọ́mì. Òkúta yín kàn tì í kọjá ni."

"Ohùn inú rẹ̀ ńkọ́?"

Ó wolẹ̀. "Ẹ má bínú, mọ́mì."

Ọdún ti ń gorí ọdún. Síbẹ̀, bí fọ́nrán kan bá já lórí òfì tó sì nàró láàárín àwọn yòókù, ọwọ́ mi á dúró. Gbogbo ọ̀sán tí mo fi ń tẹ ohùn rẹ̀ gbọ́, ó lè jẹ́ pé irun yẹn ń hù lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, jẹ́jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ṣì pé lọ́kàn mi. Ohùn náà ni kò dá mi lójú mọ́. Ó ti fẹ́ máa jọ tèmi. Èèyàn méjì ló yẹ kó máa na òwú. Òkúta ló ń bá mi di ìdí kejì mú báyìí, bẹ́ẹ̀ ohun tí ọkọ mi sọ fún mi kẹ́yìn ni pé, "Ìyá Ìbejì, mo ti dé Òtù. Má nìkan na òwú yẹn o. Dúró dè mí."