Ọjọ́ tí Bàbá Kétu Túmọ̀ Pẹnáritì fún Wa

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé mo ní láti gun àpótí kí ọwọ́ mi tó tó rédíò Bàbá wa, ní Ayétòrò, ni ìjọba ti ẹnubodè pa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí. Búrẹ́dì gígùn tó máa ń ti òdìkejì wá di àwátì, a padà sídìí ẹ̀kọ gbígbóná òun àkàrà.

Àsìkò yẹn ni Bàbá Kétu há mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n Màmá ni. Ìkómọjáde àbúrò mi ló wá ṣe, kó tó sọ pé òun ń padà sí Kétu lódìkejì ẹnubodè, sójà ti dé ojú ọ̀nà. Ènìyàn dáadáa ni, àfi Faransé tó máa ń sọ ṣáá. Bí ewúrẹ́ bá wọlé, Faransé ló fi ń lé e.

Ìgbà náà ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa wọ àṣekágbá ife ẹ̀yẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Orílẹ̀-èdè kan tó ń sọ Faransé ni wọ́n fẹ́ bá pàdé, Bàbá Kétu sì ní ẹ̀yìn àwọn ìyẹn lòun wà. Ni òun àti Bàbá wa bá jọ ta tẹ́tẹ́: ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fìdí rẹmi ni yóò máa pọn omi ilé títí ẹnubodè yóò fi ṣí. Inú àwa ọmọ dùn ju ti àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ, nítorí àwa là ń pọn omi náà tẹ́lẹ̀.

Láti àárọ̀ ni mo ti sá bátìrì rédíò sóòrùn. Síbẹ̀, bí eré ṣe parí sí ọ̀mì, tí wọ́n ní ó di pẹnáritì, ilé iṣẹ́ rédíò tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí epo àkàrà. Bàbá yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ti àwọn elédè Faransé nìkan ló ń dún ketekete. Gbogbo agbo ilé bá kọjú sí Bàbá Kétu.

“Ẹ dákẹ́, kí n gbọ́.” Ó di ojú méjèèjì. “Ó gbá a... ó wọlé!”

“Ti ta ni?” Bàbá wa béèrè.

“Ẹ ní sùúrù, wọn ò tíì dárúkọ ẹ̀.”

Bó ṣe ń ṣe nìyẹn títí ọkùnrin inú rédíò fi figbe ta, tó ń pe Nàìjíríà, Nàìjíríà. Ojú Bàbá Kétu rọ. “Ẹ̀yin lẹ borí,” ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń túfọ̀. Bàbá wa jó dé ìta, fìlà rẹ̀ bọ́, kò bojú wẹ̀yìn.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Bàbá Kétu gbé korobá lọ sí kànga láìjanpata. Ó ti ń bọ̀, omi lórí, nígbà tí tíṣà tó ń gbé nítòsí wa, tó ti gbọ́ ìròyìn àárọ̀, wá bá Bàbá wa kẹ́dùn pé agbábọ́ọ̀lù wa ló gbá pẹnáritì ìkẹyìn sókè réré, ife sì ti lọ. Bàbá Kétu gbọ́, ó sọ korobá kalẹ̀ sáàárín ọ̀nà.

“Àna mi,” Bàbá wa ní, “níbo lẹ ti kọ́ Faransé yìí ná?”

“Ọjà ni mo ti kọ́ ọ. Wọn kì í gbá pẹnáritì lọ́jà.”

Màmá rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ló gbé òṣùká lé Bàbá wa lọ́wọ́. Àwọn ọmọbìnrin ìdí kànga a kúnlẹ̀ kí i tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọn a ní kí ó pọn tirẹ̀ ṣáájú. “Ẹnu àgbà kì í yẹ̀,” ni Bàbá máa ń wí, tí omi tútù á máa ṣàn lọ sí i lọ́rùn.

Ní ìjelòó tí wọ́n tún ti ẹnubodè, àwọn ọmọ mi wo àṣekágbá mìíràn lórí fóònù, oníkálukú nínú yàrá tirẹ̀. Wọn ò nílò ògbufọ̀ kankan. Dátà èyí yá, ti ìyẹn ń fà; ọ̀kan á pariwo “gólù!”, á pẹ́ díẹ̀ kí ẹni yàrá kejì tó figbe ta. Èmi dìde ní pálọ̀, mo ń wá ẹni tí n ó dì mọ́. Ilé kan náà la jọ wà, ṣùgbọ́n gólù kan ṣoṣo kì í wọlé fún gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà mọ́.