Bí Bàbá Mi Ṣe Ń Ka Báàjì

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń kọjá lọ níwájú ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ kan ní Zone 4, ní Abidjan níbí. Kò sí ohun tó wà lọ́kàn mi ju ẹja tí mo fẹ́ rà lọ, àfi bí òórùn áyọ́ọ̀nù gbígbóná lórí kákí tútù ṣe ṣàdédé gbá mi nímú. Mo dúró gbagidi sójú ọ̀nà. Ọmọbìnrin tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ forí sọ mí, ó pòṣé, ó ní, "Tantie, avance, non!" Kí n máa lọ síwájú ló ń wí. Ó bá tirẹ̀ lọ. Kò mọ̀ pé mo ti padà di ọmọ ọdún mọ́kànlá, pé mo ti jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá mi ní Treichville, tí mò ń já òwú kúrò lára ẹ̀wù ṣọ́jà.

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ ò lè mọ bí ṣọ́ọ̀bù yẹn ṣe rí. Kò fẹ̀ ju kí ènìyàn mẹ́ta dúró kí ẹnìkẹrin sì máa bẹ̀bẹ̀ láti kọjá. Ojú ọ̀nà tó lọ sí èbúté ló wà, nítorí náà ariwo ọkọ̀ akẹ́rù kì í dá níbẹ̀, bí ìrì àárọ̀ bá sì ń sẹ̀, òórùn kòkó àti ti epo ọkọ̀ á jọ wọlé pọ̀. Ará Èjìgbò ni bàbá mi. Iṣẹ́ ọwọ́ ló bá wá sí Abidjan, àwọn oníbàárà sì ń pè é ní Tonton Ànàgó, ìyẹn Bàbá Yorùbá. Ẹ má bi í léèrè bùbá tàbí agbádá, yóò ní kí ẹ lọ bá ẹlòmíràn. Yúnífọ́ọ̀mù ni tirẹ̀, pàápàá jù lọ báàjì ara yúnífọ́ọ̀mù. Ó ń rán ti ṣọ́jà, ti panápaná àti ti gáàdì èbúté. Ó tún ń rán ti àwọn tó yọ̀ọ̀da ara wọn láìgbowó: àwọn tó ń tọ́jú ẹni tó bá fara pa, àti ẹgbẹ́ oníkákí ìjọ wa tó máa ń yan bí ológun lọ́jọ́ Ìsinmi, tí wọn ò sì rí ogun kankan jà ju ti àwọn ọmọ tó ń sáré nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Wàhálà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Bàbá mi kò mọ̀wé. Kò lè kọ orúkọ oníbàárà sára aṣọ, kákí kan sì jọ kákí kejì. Bó bá fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, omi á fọ̀ ọ́ lọ. Ohun tó wá ń ṣe ni pé yóò gbé ẹ̀wù náà sókè, yóò wo báàjì tó wà láyà àti lápá rẹ̀, yóò sì fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ yẹn ló máa fi mọ ẹni tó ni ín. Ó ní òun lè gbàgbé orúkọ, ṣùgbọ́n òun ò gbàgbé ohun tó bá ti pa òun lẹ́rìn-ín rí.

Gáàdì kan wà ní èbúté tó ní báàjì ìdákọ̀ró lápá ọ̀tún, tó ní ti ajá lápá òsì. Bàbá mi ní, "Ajá ló ń ṣọ́ èbúté. Òun ń ṣọ́ ajá." Ṣọ́jà kan wà tó ní báàjì awakọ̀, tó tún ní ti ìtọ́jú ọgbẹ́. "Èyí ò ní pa ọ́ tì. Bó bá ti kọlù ọ́ tán, yóò sọ̀ kalẹ̀ wá dì ọ́ ní báńdéèjì." Ọkùnrin àgbàlagbà kan gba ìlà mẹ́rin fún ọdún tó ti lò lẹ́nu iṣẹ́, wọn ò sì fún un ní ipò kankan. Bàbá mi fọwọ́ pa àwọn ìlà náà pẹ̀lú àánú, ó ní, "Gbogbo ọkọ̀ ti gbé èrò lọ tán. Bàbá ṣì wà ní bùdókọ̀." Ti Ìyá Kọ̀tọ̀nù ló dùn jù. Obìnrin Benin yìí ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tiwa, òun náà sì ni olórí àwọn obìnrin oníkákí ní ìjọ wa. Ó ní báàjì akọrin, ó ní ti ìtọ́jú aláìsàn. "Bó bá kọrin tí ènìyàn dákú," bàbá mi wí, "òun náà ni yóò jí i." Ohùn Ìyá Kọ̀tọ̀nù, kí Ọlọ́run má bínú sí mi, òótọ́ ni.

Òfin kan ló wà lórí ẹ̀fẹ̀ yìí. Àwọn oníbàárà ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ. Orúkọ ìyá tó bí bàbá mi ni wọ́n sọ mí, nítorí náà ó máa ń pè mí ní Ìyá mi. "Ìyá mi," á wí, á sì di etí mi mú, "ẹni tó wọ kákí kì í gba ẹ̀fẹ̀. Bí èyí bá jáde lẹ́nu rẹ, ilé la máa padà sí." Mo mọ̀ pé Èjìgbò ló pè ní ilé. Mi ò dé ibẹ̀ rí, ó sì ń bà mí lẹ́rù.

Nínú gbogbo wọn, Ajúdáà ni mo fẹ́ràn jù. Ipò rẹ̀ nínú ológun nìyẹn, ó ju sájẹ́ǹtì lọ díẹ̀, òun náà sì ni gbogbo wa ń pè é. Ó sanra, ó dákẹ́, àtíẹ́kẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ níbí, kì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ fún mi bó bá wá. Láyà ẹ̀wù rẹ̀, apá ọ̀tún, ìyẹ́ méjì wà níbẹ̀, àmì àwọn tó ń fi páráṣúùtù bẹ́ sílẹ̀ láti inú bàálù. Lápá òsì, ìgbákọ méjì ló dábùú ara wọn, àmì àwọn alásè. Ìgbà tí bàbá mi kọ́kọ́ rí i, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Wọ́n jù ú sílẹ̀ láti òkè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kanlẹ̀ ló ti ń béèrè pé kíṣìnì dà."

Nígbà tó yá ni wàhálà bẹ́ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Apá òkè kúrò lọ́wọ́ ìjọba, ọ̀rọ̀ àjèjì àti ọmọ onílẹ̀ gbòde, bàráàjì tí àwọn ṣọ́jà fi ń dá èrò dúró sì pọ̀ lójú títì. Bàbá mi kò jáde láìmú carte de séjour rẹ̀, ìwé ìgbélùú àjèjì, dání mọ́. Faransé rẹ̀ kò ju ti ọjà lọ, nítorí náà ó máa ń mú mi dání pẹ̀lú. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, a gbé báàgì ńlá kan, a fẹsẹ̀ rìn lọ sí Zone 4. Aṣọ àwọn gáàdì ilé iṣẹ́ kan ló kún inú rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni ẹ̀wù Ajúdáà wà, nítorí ó ti ránṣẹ́ pé wọ́n ti gbé òun lọ sápá ibẹ̀, kí a bá òun mú un wá.

A dé bàráàjì. Ṣọ́jà tó yẹ báàgì wò kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ń fa aṣọ gáàdì jáde lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan ẹ̀wù ológun. Ó dúró. Ó gba ìwé bàbá mi, ó wò ó, ó sì pe ọ̀gá rẹ̀.

"Nigérian, tó gbé ẹ̀wù àwọn ọmọ ogun sínú báàgì," ọ̀gá náà wí. "C'est pour qui? Ta ló ni ín?"

"Ajúdáà," bàbá mi dáhùn.

"Ajúdáà tó ń jẹ́ ta ni?"

Mo wo ojú bàbá mi, mo sì rí i pé kò mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́rin ló ti ń rán aṣọ fún ọkùnrin yìí, kò bi í léèrè orúkọ rẹ̀ rí. Ẹ̀fẹ̀ nìkan ló fi mọ̀ ọ́n. Wọ́n bi í lẹ́ẹ̀kejì, ó tún ní Ajúdáà ni. Wọ́n ní kó lọ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ológun tó wà níbẹ̀. Wọ́n ti fi irú ọkọ̀ yẹn gbé ọkùnrin kan ní àdúgbò wa lọ lóṣù tó ṣáájú, aya rẹ̀ kò sì tíì rí i títí di ọjọ́ náà. Bàbá mi kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé orí. Mo rí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Mi ò rí bàbá mi lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ènìyàn rí.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Mo la ẹnu. Mo fi Faransé iléèwé mi sọ pé mo mọ ẹni tó ni ín. Mo nawọ́ sí ìyẹ́ méjì, mo nawọ́ sí ìgbákọ méjì, mo ní ẹni tí wọ́n jù sílẹ̀ láti òkè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kanlẹ̀ ló ti ń béèrè pé kíṣìnì dà.

Bàbá mi fi Yorùbá sọ wẹ́lẹ́, "Ìyá mi, o ti pa mí." Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan tó jókòó sórí àpò iyanrìn bú sẹ́rìn-ín. "Chef! C'est le vieux de la cuisine!" Alásè àgbàlagbà wọn ló ń wí. Ẹ̀rín náà ran gbogbo wọn. Àṣé ìrẹsì Ajúdáà ni wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́, àgbàlá tó wà lẹ́yìn ibẹ̀ ló ti ń dáná. Wọ́n lọ pè é, ó sì jáde wá, ó ń nu ọwọ́ sára épírọ́ọ̀nù.

"Télọ̀ mi ni," ó wí. Wọ́n dá ìwé bàbá mi padà fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ ṣọ́jà tó yẹ báàgì wò kò lè pa ọ̀rọ̀ mọ́ra. Ó tún ẹ̀fẹ̀ náà sọ sí Ajúdáà lójú, gbogbo wọn sì tún rẹ́rìn-ín. Ajúdáà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gba ẹ̀wù rẹ̀, ó wò mí, ó padà sídìí ìkòkò. Èmi àti bàbá mi gba ilé lọ. Ibẹ̀ ló ti ní, "O gbà mí, Ìyá mi. Ọlọ́run á gbà ọ́. Ṣùgbọ́n a ti dójú ti ẹni tó ń fún ọ lóúnjẹ." Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, Ajúdáà dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa. Ó wọ ẹ̀wù náà, kò sì mú àtíẹ́kẹ́ dání. Ó jókòó sórí àpótí mi. Ó ní kí n tún un kà fún òun. Mo wo bàbá mi, bàbá mi wolẹ̀. Mo kà á, ohùn mi kò sì ju ti eṣinṣin lọ.

Ó mi orí. "Òótọ́ ni," ó wí. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo bẹ́. Àwa méjì la wá láti abúlé kan náà. Yao ló ṣáájú mi bẹ́. Páráṣúùtù tèmi ṣí, tirẹ̀ kò ṣí. Mo wà lókè, mò ń wò ó títí ó fi kanlẹ̀. Nígbà tí èmi náà kanlẹ̀, mo ní kí wọ́n gbé mi lọ sí kíṣìnì. Bàbá rẹ kò purọ́ kankan. Yao nìkan ló yọ kúrò nínú rẹ̀."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá mi. Kí n tó parí, ó ti bọ́ fìlà, ó sì ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àkísà àti èérún òwú, àyà rẹ̀ kanlẹ̀. Ajúdáà kò rí Yorùbá tó ń tọrọ àforíjì rí. Ó rò pé bàbá mi dákú ni. Ó fò dìde, ó ń pariwo, "Tonton! Tonton! De l'eau!" Ìyá Kọ̀tọ̀nù ló gbọ́ pé ó ń béèrè omi. Ọ̀pọ̀ ọdún ló ti fi ń retí kí ẹnìkan dákú nítòsí òun. Ó já wọlé tòun ti garawa, ó sì da omi inú rẹ̀ lé bàbá mi lórí kí n tó rí ẹnu sọ pé kò sí ohun tó ṣe é. Bàbá mi dìde jókòó, omi ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀, àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ajúdáà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, omi ojú náà kò sì dá nígbà tí ẹ̀rín dá. Bàbá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fi Faransé ọjà rẹ̀ béèrè orúkọ rẹ̀. Kouadio ni.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹ má rò pé bàbá mi jáwọ́ nínú ẹ̀fẹ̀. Kò lè ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá a. Ó ṣì ń gbé ẹ̀wù sókè, ó ṣì ń kà á, èmi náà sì wá ń kọ orúkọ sára bébà tí a fi pínnì so mọ́ ọrùn aṣọ. Ohun tó fi kún un ni pé bó bá ti kà á tán, tí gbogbo wa ti rẹ́rìn-ín, yóò fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Èyí tí mo mọ̀ nìyẹn."

Báyìí, ẹ̀rọ ńlá ló ń ṣe báàjì, fífà ni wọ́n ń fà á yọ, lílẹ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ padà. Wọ́n ti kọ orúkọ sáyà oníkálùkù, kò sì sẹ́ni tó ń ka nǹkan mìíràn lára rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin náà, ẹ ó rí àwòrán ènìyàn kan lórí fóònù, ẹ ó wò ó fìrí, ẹ ó sì ti dá a lẹ́jọ́ tán. Mi ò bá yín wí. Ilé tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo ti dàgbà, a sì gbádùn rẹ̀ gan-an.

Lọ́jọ́ tí a sin bàbá mi, gbogbo ènìyàn ló ní tirẹ̀ láti sọ. Ẹnìkan ní ó lawọ́. Ẹnìkan ní ahun ni. Obìnrin arúgbó kan tí mi ò mọ̀ rí jókòó sẹ́yìn, ó sunkún ju gbogbo wa lọ, ó sì lọ láìsọ orúkọ rẹ̀. Mo sáré tẹ̀ lé e, mi ò bá a mọ́. Títí di òní ni mò ń ro ohun tó mọ̀ nípa rẹ̀ tí èmi ọmọ rẹ̀ kò mọ̀. Tèmi ni mo kọ sílẹ̀ fún yín yìí: ọkùnrin tí kò mọ̀wé, tó ń ka gbogbo ayé, tó sì dọ̀bálẹ̀ fún alásè nígbà tó rí i pé òun kò kà á tán. Èyí tí mo mọ̀ nìyẹn.