Ọrùn Wíwọ́ Ọkọ Mi

Ẹ má bi mí ní ohun tó sọ ọkọ mi di olókìkí. Gbogbo ayé ló ti dáhùn: ọrùn ni. Wọ́n ní bó ṣe ń wọ́ ọrùn sí òsì tó bá ń fun sàsófóònù ni orin jáàsì rẹ̀ fi ń dùn. Irọ́ gbuu! Eyín ló ń dùn ún.

Mẹkáníìkì ni, ó ń fun fèrè lẹ́yìn iṣẹ́. Eyín iwájú tó fi ń tẹ ẹnu fèrè ni kòkòrò jẹ, ló bá wọ́ ọrùn kí eyín mìíràn lè gbà á. Mo ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ lọ yọ eyín yìí." Ó ní, "Tí ohùn bá bá a jáde ńkọ́?" Ẹ̀rù bà á. Kò jókòó mọ́: yàrá sí ilé ìdáná, ilé ìdáná sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Orí ìdúró ló ti ń jẹun. Èmi náà ò rí ìdí gbé kalẹ̀. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìyẹ.

Ìgbà tí mo máa ṣẹ́jú, akẹ́kọ̀ọ́ méje ti wà ní pálọ̀ wa, gbogbo wọn wọ́ ọrùn! Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú. Ọkọ mi fà mí wọ ilé ìdáná. "Jọ̀ọ́, má sọ fún wọn. Wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́." Mo búra. Teyín-teyín ló kú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ náà ti ní akẹ́kọ̀ọ́ báyìí, ẹni tí kò bá wọ́ ọrùn, wọ́n á ní kò mọ̀ ọ́n fun.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nọ́ọ̀sì kan tó máa ń wá fun fèrè ní pálọ̀ wa gbé e sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ẹgbẹ́ olórin ńlá kan dán an wò.

"Màmá, ọrùn ń pa mí. Apá mi ti ń kú. Dókítà ní kí n fi fèrè sílẹ̀."

"Na ọrùn ẹ, kó o máa fun ún."

"Háà! Ṣé mo ṣì jẹ́ ọmọ Ọ̀gá nìyẹn?"

Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Mo ti búra fún òkú. Mo wo fọ́tò rẹ̀ lára ògiri, tòun tọrùn wíwọ́. Mo ní, "Ẹ máa bínú tẹ́ ẹ bá fẹ́." Mo wá yíjú sí ọmọ náà: "Eyín ló ń dùn ún."

Ojú rẹ̀ le. "Màmá, ẹ má fi Ọ̀gá ṣeré o."

Mo di àgbọ̀n rẹ̀ mú, mo na ọrùn rẹ̀ gún. "Fun ún bẹ́ẹ̀."

Ó fun ún. Ohùn àkọ́kọ́ han goro. Èkejì jáde. Mo mọ ohùn yẹn! Ohùn tí ọkọ mi ń fun lábẹ́ fèrèsé ilé bàbá mi nìyẹn nígbà tó ń fẹ́ mi sọ́nà, tí eyín rẹ̀ pé lẹ́nu. Ó ti tó ogójì ọdún tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Ohùn tó ń bẹ̀rù pé ó máa bá eyín jáde, àṣé ó ti lọ tipẹ́.

Mo jókòó sórí àga rẹ̀, mo sunkún. Mo ní kó tún un fun.