Germaine, Kámáráàdì Panápaná

Nọ́ọ̀sì ni Germaine, ara rẹ̀ kì í sì í lélẹ̀ ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Adìẹ tó bà lókùn ni: á fọwọ́ kan ìgò ọ́síjìn, á gbóòórùn aṣọ tí wọ́n tẹ́ sára aláìsàn, á tún padà sídìí ìgò náà. Garawa omi kì í jìnnà sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Lásìkò ìjọba ológun yẹn, tí gbogbo wa di kámáráàdì ara wa tipátipá, Kámáráàdì Panápaná ni Félix tó ń tọ́jú ẹ̀rọ iná ọsibítù ń pè é. "Kámáráàdì Panápaná, ṣé iná ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ ni?" Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Germaine ò ní rẹ́rìn-ín.

Ẹ má bá a wí. Ní ìlú ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún tó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ ni àyà ọkùnrin kan ṣe gbiná lórí tábìlì. Ọtí apakòkòrò tí wọ́n fi nù ún kò tíì gbẹ, tí wọ́n fi gbé irin oníná sún mọ́ ọn, irin tí dókítà fi ń jó ẹnu iṣan pa kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dà. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló á sá.

Nígbà tí wọ́n gbé e wá sí Ṣábẹ̀ẹ́, ilé Ìyá Àṣàbí ló wọ̀ sí, opó kan tó ń ta kajú, tí ohùn rẹ̀ ń dé ìdí àpáta. Obìnrin yìí mú un lọ́mọ. Bí iṣẹ́ bá pẹ́, á gbé oúnjẹ dè é, á sì bú u dáadáa kó tó jẹ ẹ́. Gẹ̀gẹ̀ wà lọ́rùn ìyá náà. Nígbà tó wá ń fún un lọ́fun tí kò lè sùn mọ́, Germaine ló bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà kí wọ́n gé e.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọyẹ́ mú, gbogbo nǹkan gbẹ táútáú. Lẹ́nu ọ̀nà, Germaine ní kí ìyá ṣí gèlè.

"Níwájú ọkùnrin?" Ìyá Àṣàbí fà sẹ́yìn. "Látìgbà tí bàbá wọn ti kú, ta ló rí orí mi? Ọrùn ló ń dùn mí, orí kọ́."

"Ìyá, òfin ni. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ìwọ Germaine! Ìwọ tí mo gbà sílé!"

Ojú ti Germaine. Ṣé ọmọ á wá ṣí ìyá rẹ̀ lórí ni? Ó fi aṣọ ọsibítù bo gèlè náà mọ́lẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Wọ́n fún ìyá ní abẹ́rẹ́ oorun, wọ́n fi ọ́síjìn sí i nímú, dókítà sì da ọtí apakòkòrò sí i lọ́rùn. Wọ́n dúró kó gbẹ. Dókítà kì í fi òfin yẹn ṣeré. Òun gan-an ló fi kọ́ Germaine. Ọrùn gbẹ. Ẹsẹ̀ Germaine ò dúró lójú kan. Ó mọ ohun tó kù, ìtìjú ló di í lẹ́nu. Dókítà gbé abẹ, ó ní kí wọ́n tan irin oníná. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

"Ẹ dúró! Ẹ má tàn án!"

Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ. Gèlè náà tutù rinrin: gbogbo ọtí tó ṣàn gba ẹ̀yìn ọrùn ló ti mu, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́síjìn tó ń mú iná ràn. "Ẹ̀bi mi ni," Germaine wí. Ó tú u níwájú gbogbo wọn. Ewú hàn. Àárín orí tó ti pá hàn. Dókítà yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí Germaine fi fi aṣọ tí wọ́n rẹ sómi bo orí ìyá náà. Wọ́n pààrọ̀ gbogbo aṣọ, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀.

Lọ́sàn-án, Ìyá Àṣàbí jí. Orí ni ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ lọ. Germaine ti wà lórí eékún lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ta ló ṣí mi lórí?" Ohùn rẹ̀ há.

"Èmi ni, ìyá."

"Àwọn wo ló rí i?"

"Gbogbo wa."

Ìyá Àṣàbí kọjú sí ògiri. "Kó ẹrù rẹ kúrò nílé mi."

Ọ̀rọ̀ náà dun Germaine wọ egungun. Ṣùgbọ́n òkú kì í lé èèyàn jáde nílé. "Mo ti gbọ́, ìyá," ló wí, ó sì ń sunkún ayọ̀ bí òmùgọ̀.