Irun Òkè Ojú Ọ̀tún

Báàsì ni mo ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wa ní Badagry, láti ìgbà tí iṣẹ́ ìròyìn ti gbé mi wá síbẹ̀ láti Èkìtì. A kò ní adarí tó ń ju ọ̀pá. Màmá tó ń tẹ dùùrù ló ń darí wa, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kò sì kúrò lórí dùùrù. Ojú ló fi ń ṣe é. Bó bá gbé irun òkè ojú òsì, àwọn obìnrin á wọlé. Bó bá gbé tọ̀tún, àwa báàsì nìyẹn. Bó bá fa méjèèjì pọ̀, ẹnìkan ti ṣi ohùn, onítọ̀hún á sì mọ ara rẹ̀. Àlejò tó jókòó nínú ìjọ kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ.

Ogbó dé. Awọ iwájú orí Màmá sọ̀ kalẹ̀, irun náà sì wá ń bo ìpéǹpéjú rẹ̀. Lọ́jọ́ ìsìn kan, orin dé ibi tiwa, a kò rí àmì kankan, orin ń lọ, àwa báàsì ń wòran. Káfíńtà tó máa ń dúró tì mí ló là á mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ìsìn.

"Màmá, ẹ má bínú o. Ojú yín ti tilẹ̀kùn."

"Etí tìrẹ ló tilẹ̀kùn."

A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n tíṣà kan láàárín wa ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa fi ọ̀pá darí.

"Eo!" ni Màmá wí, bí àwọn Ògù ṣe ń sọ pé rárá. "Kó o máa ju ọwọ́ níwájú mi bí ẹni ń lé adìẹ lórí àgbàdo?"

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, bá a wá dókítà iṣẹ́ abẹ kan lápá Ọ̀jọ́ tó lè fa awọ náà padà sókè. Èmi ni mo wa ọkọ̀ gbé wọn lọ.

"Ṣé ẹ fẹ́ padà di ọmọge ni, Mà?" ni dókítà bi í.

"Ọmọge wo? Mo fẹ́ kí àwọn báàsì yìí rí mi ni."

Dókítà fi bírò fa ìlà láti iwájú etí Màmá, ó gba ẹ̀bátí rẹ̀ kọjá lọ sókè ojú. "Iṣan tó ń gbé irun ojú sókè ń gba ibí. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Mi ò ní la iwájú orí yín. Ihò kéékèèké nínú irun orí ni mo máa gbà wọlé pẹ̀lú kámẹ́rà. Abẹ́ iṣan yẹn ni mo máa gbà. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan wà níbẹ̀ bí aṣọ́nà. Bí mo bá ti rí i, mo mọ̀ pé iṣan yẹn wà lókè rẹ̀ gan-an, mo sì gbọ́dọ̀ rọra."

Mo bi í pé, "Bó bá farapa ńkọ́?"

"Irun ojú apá ibẹ̀ lè má gbéra mọ́. Kì í sábà ṣẹlẹ̀."

"Ẹ ṣe é," ni Màmá wí.

Wọ́n ṣe é. Nígbà tí wíwú ojú rẹ̀ lọ, irun ojú méjèèjì ti padà sókè, ojú rẹ̀ sì là kedere. Ó gbé òsì, ó gbéra. Ó gbé ọ̀tún, kò mì. Iwájú orí rẹ̀ lápá ibẹ̀ dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Dókítà kò purọ́ fún wa. "Aṣọ́nà yẹn ló ṣẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì bo ojú kámẹ́rà. Mo fi iná jó o kó lè dá. Ó yẹ kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí n ní sùúrù. Mi ò gé iṣan tó ń gbé irun ojú, Mà. Ooru ló bà á. Ó ṣì lè jí."

"Kó jí kí ìkórè tó dé," ni Màmá dáhùn.

Ní gbogbo ìgbà òjò yẹn, bí mo bá yà kí i nílé rẹ̀ nílùú Apá, iwájú dígí ni mo máa ń bá a. Á fi ìka di irun òsì mú kó má bàa gbéra, á wá máa bá ọ̀tún wí: "Dìde. Alágídí, dìde."

Ìkórè dé. Màmá jókòó sídìí dùùrù, gbogbo wa tẹjú mọ́ ọn. Káfíńtà fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi.

"Ó ti gbé e!"

"Kò tíì gbé e."

"Wò ó dáadáa! Ó wà lókè!"

Káfíńtà bú sórin, báàsì tó kù tẹ̀ lé e. Àwọn obìnrin kò tíì parí ìlà tiwọn. Ohùn dàrú, gbogbo wa dákẹ́, àwọn ọmọdé nínú ìjọ sì bú sẹ́rìn-ín. Màmá nìkan ló tẹ orin náà parí.

Lẹ́yìn ìsìn, ó bi wá pé, "Ta ló pè yín?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá," ni káfíńtà wí. "Irun ojú yín wà lókè."

Màmá fi ìka kan ibẹ̀. "Òótọ́ lo sọ. Ibẹ̀ náà ni yóò máa wà." Ó dìde nídìí dùùrù. "Ẹ yí dùùrù yìí kọjú sí ògiri."

"Màmá, ẹ jẹ́ ká wá àmì mìíràn. Ẹ lè máa mi orí..."

"Eo. Ẹ̀yin lẹ lágbára. Ẹ gbé e."

Àwa báàsì la gbé e.

Tíṣà ló ń ju ọ̀pá báyìí, kò sì burú nídìí ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí orin bá ti ń súnmọ́ ibi tiwa, ẹ̀yìn ọrùn Màmá ni gbogbo wa ń wò, ọ̀pá á sì ti sọ̀ kalẹ̀ kí a tó la ẹnu.