Kárọ́ọ̀tì Orí Òkè

Mo rántí bí kọfí yẹn ṣe korò tó. Ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n ahọ́n mi kò gbàgbé.

Sharjah ni mo ń gbé nígbà náà, nítòsí Dubai, ní àdúgbò Abu Shagara, lórí ibùsùn kan nínú yàrá ènìyàn mẹ́fà. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Mo kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì nígbà tí ìwé ṣì níyì, ṣùgbọ́n ẹrù àwọn oníṣòwò Èkó ni mo ń dì ní ọjà Naif ní Dubai. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí físà mi parí. Nígbà tí àbúrò kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sọ pé oko ńlá kan lórí òkè ń wá alábòójútó tó kàwé, pé wọn yóò sì ṣe físà fún un, mo wé ìwé-ẹ̀rí mi sínú ọ̀rá bí ẹni wé ọmọ tuntun.

Àbúrò náà fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi lọ láàárọ̀ Sátidé. Òkè àpáta lásán ni, kò sí koríko, ooru ń jáde lára òkúta bí ẹnu ààrò. Lójijì ni a rí ilé ọ̀rá funfun tí wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́ sí, òdòdó lẹ́bàá ọ̀nà, àti ọ̀gá oko tí bàtà rẹ̀ kò mọ erùpẹ̀. Àwọn àlejò ti dé láti Dubai, wọ́n fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn fa kárọ́ọ̀tì tu. Ọ̀gá náà, ẹni tí mo lè bí, gbá mi léjìká: “Habibi, bá wọn sọ̀rọ̀. Bí o bá ṣe é dáadáa, khalas, iṣẹ́ ti di tìrẹ.”

Mo bẹ̀rẹ̀, mo fa ọ̀kan tu. Kò tilẹ̀ janpata. Kò ní irun gbòǹgbò kankan. Erùpẹ̀ òkè tutù, tìsàlẹ̀ gbẹ bí eérú. Okùn rọ́bà tí wọ́n fi ń so ó lọ́jà ṣì wà lọ́rùn ewé rẹ̀. Àṣé wọ́n rà á ni, wọ́n wá rì í mọ́lẹ̀ láàárọ̀! Mo ti okùn rọ́bà náà bọ àpò, mo sì kọ́ àwọn àlejò bí a ṣe ń gbin kárọ́ọ̀tì. Mo sọ ọ́ dáadáa. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó wa lọ sí abúlé ìsàlẹ̀, bí ẹni kó ọmọ iléèwé lọ wo ẹranko. Àgbà abúlé jókòó lórí ẹní, ó ń bu kọfí fún wa nínú ife kékeré. Àwọn àlejò ń ya fọ́tò irùngbọ̀n rẹ̀ láì kí i. Obìnrin kan tilẹ̀ ní kí ó gbé ewúrẹ́ dání. Lẹ́yìn ilé rẹ̀, àwọn igi dàbínù ti kú lórí ìdúró, ojú ọ̀nà omi tí àwọn baba ńlá rẹ̀ gbẹ́ sínú òkúta kò ní ẹ̀kán omi kan. Bàbá náà gbé àgbọ̀n sókè sí ọ̀nà oko.

“Kànga wọn jìn,” ó wí ní Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tó gbọ́. “Tiwa gbẹ.”

Àlejò kan kọjú sí mi: “Ìwọ onímọ̀, òótọ́ ni?”

Ọ̀gá oko ń wò mí. Bàbá náà ń wò mí. Bàbá tó bí mi, àgbẹ̀ paraku, máa ń sọ pé ẹni bá da ilẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Mo rántí rẹ̀ kedere. Mo ní, “Òjò ni kò tó.”

Bàbá náà kò bínú. Ó tún bu kọfí sí ife mi. Mo mu ún tán, ó tún bu. Nílé wa, ọmọlúàbí kì í kọ ohun tí àgbà bá bù fún un. Nítorí náà mo ń mu, ó ń bu, ó korò bí ewúro tí a kò fọ̀. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀keje, àbúrò sọ sí mi létí:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ mi ife yẹn kí wọ́n mọ̀ pé ó tó! Bí ẹ ò bá mì ín, wọn ò ní dẹ́kun. Àbí ẹ̀yin náà fẹ́ mu omi wọn tán ni?”

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rín.

Mo gba iṣẹ́ náà. Ọdún méjì ni mo fi ń ri kárọ́ọ̀tì ọjà mọ́lẹ̀ kí àlejò tó dé. Mo máa ń kọ́kọ́ tú okùn rọ́bà kúrò, nítorí èmi kàwé. N kò sọ̀ kalẹ̀ dé abúlé náà mọ́.

Ní báyìí tí mo ti darúgbó sílé, mo gbẹ́ kànga sẹ́yìn ọgbà mi. Àwọn aládùúgbò a máa wá fa omi níbẹ̀, wọn a ní, “Bàbá, ẹ ṣé o, èèyàn rere ni yín.” Ẹnu mi a sì korò. Ọwọ́ mi a máa mì fúnra rẹ̀, bí ẹni di ife mú, ṣùgbọ́n kò sí ẹnìkan níhìn-ín tó mọ̀ pé ó tó ni mò ń wí.